Sípíríǹgì Pupa

“Ẹ tètè gbé àkàsọ̀ wá o! Haziman fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀!”

Khairil ló pariwo bẹ́ẹ̀ níwájú ìsọ̀ onítíì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Taiping. Àwọn ọmọkùnrin tó jókòó yí i ká bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ fi ọwọ́ lu tábìlì títí tíì fi dà sí i lẹ́sẹ̀. Haziman pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, àmọ́ etí rẹ̀ méjèèjì ti pọ́n.

Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ga jù yìí kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ nígbà tó kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Rosmaini, ló sì ń fi í ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Rosmaini máa ń kó ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n, kún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, tí á sì máa gbé e kiri fún àwọn tó ń ta oúnjẹ àárọ̀. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń jẹun nílé, òun náà ni wọ́n fi rán Haziman lọ sílé-ẹ̀kọ́. Tí Rosmaini bá ti pín oúnjẹ tán, Haziman lè wa ọkọ̀ náà lọ kẹ́kọ̀ọ́, nítorí ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó sì ti gba ìwé ìwakọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ kan tí Rosmaini fún un ní kọ́kọ́rọ́ tí kò fi èébú lé e.

“Gbà, ọ̀lẹ. Tí mo bá rí ibi tó họ lára ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ ni màá gùn lọ sọ́jà.”

“Ṣé ẹ̀yin nìkan ni bàbá bí ni?” Haziman á dá a lóhùn. “Ọkọ̀ tèmi náà ni.”

“Ìgbà tó o bá ra epo sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á di tìẹ.”

Bí wọ́n ṣe máa ń bá ara wọn jí nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, Khairil fa àga kan fún Haziman, kò sì dá yẹ̀yẹ́ dúró. Ọmọ oníléèṣẹ́ akẹ́rù ni Khairil, ọkọ̀ tirẹ̀ sì sún mọ́lẹ̀ débi pé ológbò ò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

“Gbọ́,” ó ní, “lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo wa máa pàdé létí adágún. Má gbé ewúrẹ́ tó ń nàgà jẹ ewé yìí débẹ̀ o. Wàá bà wá lójú jẹ́.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ wá?”

“Ojú ẹ ló sọ ọ́.” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. “Sípíríǹgì pupa mẹ́rin wà nílé mi, kúkúrú báyìí. Tó o bá fi wọ́n sábẹ́ ọkọ̀ ẹ, á lọ sílẹ̀ bíi tèmi. Ara ọkọ̀ mi àkọ́kọ́ ni mo ti tú u, oríṣi ọkọ̀ kan náà sì ni pẹ̀lú tìẹ. Kó tìẹ fún mi, kó o kó tèmi. Pàṣípààrọ̀ lásán ni.”

Ọkàn Haziman fò, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó mọ̀. “Ṣọ́ọ̀kì ńkọ́? Ṣọ́ọ̀kì tó bá ọkọ̀ yìí wá gùn ju sípíríǹgì yẹn lọ. Tí ọkọ̀ bá ti lọ sílẹ̀, inú ṣọ́ọ̀kì ò ní láyè mọ́, á máa kan ìdí. Ó yẹ ká pààrọ̀ wọn pọ̀ ni.”

“Ẹ gbọ́ ọmọ Tíṣà Letchumi!” Khairil gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì. “Ó ti kàwé kàwé, ẹ̀rù wá ń bà á láti di sípánà mú. Abájọ tí ẹ̀gbọ́n ẹ fi ń nà ẹ́ nílé.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Haziman lára bí ẹ̀gún. Òótọ́ ni pé Tíṣà Letchumi, obìnrin tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ mẹkáníìkì, fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè yìí gan-an ló jáde nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe kẹ́yìn. Haziman kọ ọ́ síbẹ̀ pé sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀, ṣọ́ọ̀kì ló ń dá sípíríǹgì lẹ́kun kó má baà máa jó. Tí ṣọ́ọ̀kì bá kú, táyà á máa fò lójú ọ̀nà dípò kó lẹ̀ mọ́lẹ̀. Tíṣà ka ìdáhùn rẹ̀ sókè fún gbogbo kíláàsì. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè sọ pé Haziman kò mọ̀. Ó mọ̀. Yẹ̀yẹ́ ni kò lè fara dà.

Lọ́jọ́ Sátidé, Rosmaini àti ìyá wọn wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi ìgbéyàwó ní Kuala Kangsar. Bí bọ́ọ̀sì ṣe yí kọ́nà tán ni Haziman wa ọkọ̀ lọ sí àgbàlá Khairil. Òun fúnra rẹ̀ ló tú táyà, òun ló tú nọ́ọ̀tì, òun ló fi irin ìdè fún sípíríǹgì àtijọ́ mọ́ra títí tó fi yọ. Àwọn yòókù dúró tì í, wọ́n ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, wọ́n ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù ú.

Nígbà tó fi sípíríǹgì pupa sí i, tí jáàkì ṣì gbé ọkọ̀ sókè, ó fi ìka méjì yí sípíríǹgì náà wò. Ó yí. Ó yẹ kó há pinpin, àmọ́ ńṣe ló ń mì bí eyín arúgbó.

“Khairil, wò ó. Kò há.”

“Tí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀, á há. Gé rọ́bà yẹn kúrò kó lè láyè, jàre.”

Rọ́bà tó ń sọ ni èyí tó wà lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì, èyí tí kì í jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì fi orí sọ ìdí tí ọkọ̀ bá já sí kòtò. Haziman mú ọ̀bẹ. Ó tún fi ìka yí sípíríǹgì náà wò.

“Ṣé ká lọ pe ẹ̀gbọ́n ẹ wá bá ẹ gé e ni?” ni Khairil wí.

Ó gé e. Ìdajì rọ́bà náà bọ́ sínú epo tó dà sílẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi pé mẹ́rin.

Ká má parọ́, nígbà tí ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì, ó rẹwà. Ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹkùn tó fẹ́ fò mọ́ ẹran. Lọ́jọ́ Àìkú, ní etí adágún, àwọn ọmọkùnrin tí kò bá a sọ̀rọ̀ rí wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Lójú ọ̀nà, ara ọkọ̀ náà le bí pákó, gbogbo kòtò ló ń gún un ní ìdí, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn ún.

Ẹ̀rín yẹn kò ju òru ọjọ́ náà lọ. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Ajé, ariwo Rosmaini ló jí gbogbo ilé.

“Ta ló gé ọkọ̀ lẹ́sẹ̀? Haziman! Ìwọ ọmọ yìí, jáde wá síbí!”

Ó jáde. Ìyá wọn náà jáde, pẹ̀lú ṣíbí ìrẹsì lọ́wọ́.

“Mo tún un ṣe ni,” Haziman ní. “Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é.”

“Àwọn gbogbo èèyàn yẹn, ṣé wọ́n ń gbé ìrẹsì? Ṣé wọ́n ń gbé abọ́ ata? Wo bó ṣe ń fi ikùn wọ́lẹ̀ bí ejò tó gbé ẹran mì!”

“Ẹ̀yin náà ò mọ nǹkan tó dára.”

“Mo mọ ọmọ tí kò dára.”

“Ẹ̀yin méjèèjì, ó tó!” ni ìyá wọn ké. “Ìrẹsì ń tutù.”

Rosmaini kó ẹrù sí i, ó wà á lọ. Nígbà tó padà dé, ata ti dà sí gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀, àpò ìrẹsì méjì ti tú. Ó da kọ́kọ́rọ́ lu Haziman láyà. “Kí o tó sùn lónìí, kó ohun tó o tú sí i padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí mọ́ láyé ẹ.”

Haziman lọ bá Khairil. Khairil ò tiẹ̀ dìde lórí àga.

“Sípíríǹgì ẹ? Mo ti fún ẹni tó ń ra irin àlòkù.”

“Ó ṣe jẹ́? Ọjọ́ méjì péré!”

“Pàṣípààrọ̀ la ṣe, a ò ṣe ìdógò. Lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ kó wá bá mi jà.”

Ó yẹ kí Haziman lọ sílé lọ jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ronú èébú tó máa gbà, ọ̀nà mìíràn là lọ́kàn rẹ̀. Ó wọlé, ó gbé àyà sókè, ó sọ fún Rosmaini pé òun ti yẹ ọkọ̀ wò finnífínní, pé sípíríǹgì tuntun lágbára ju ti àtijọ́ lọ, pé kó ṣáà máa rọra lórí kòtò. “Iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ mi nìyí. Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ ni?”

Rosmaini wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Kò mọ̀ ọ́n jù ú lọ lóòótọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti mú un nìyẹn. Ó pòṣé, ó bọ́ sẹ́yìn.

Rosmaini wa ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹrù ìrẹsì ń tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀, ṣọ́ọ̀kì ń sọ ìdí, rọ́bà tó yẹ kó gbà á sílẹ̀ kò tó mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Haziman bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó sì rí i: epo ti ń jò lára ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì. Epo dúdú ti ṣàn dé ìsàlẹ̀, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ náà fò sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún fò, bí ọmọ tó ń jó. Ṣọ́ọ̀kì náà ti kú.

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn. Haziman mú àkísà, ó nu epo náà mọ́, ó fi àkísà náà sábẹ́ ìdọ̀tí.

Bó ṣe yíjú padà ni Rosmaini dúró sí ẹnu ọ̀nà.

“Kí lò ń wá lábẹ́ ọkọ̀?”

“Kò sí.”

“Ọkọ̀ yẹn ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Láàárọ̀ yìí, lórí afárá, ẹ̀yìn ẹ̀ fẹ́ bá mi lọ.” Fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, kò sí èébú nínú ohùn rẹ̀. “Màá bi ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Màmá máa ń jókòó tì mí nígbà mìíràn. Ṣé ó léwu àbí kò léwu?”

Ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin.

“Kò léwu,” ni Haziman wí.

Òjò Taiping kì í bẹ èèyàn kó tó rọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì dá. Haziman wà ní kíláàsì, ó ń fi irin fá ìdọ̀tí lára ẹ́ńjìnnì, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni. Kò kí i.

“Ẹ̀gbọ́n ẹ ti kó sínú gọ́tà. Máa bọ̀ ní ọsibítù.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Níbi tí ọ̀nà ti rì díẹ̀ kéèyàn tó kan afárá, ẹ̀yìn ọkọ̀ já sí kòtò, ó fò, kò sì balẹ̀ bó ṣe yẹ. Táyà méjèèjì ẹ̀yìn kò di ilẹ̀ tútù mú. Ọkọ̀ náà yí bí òkòtó, ó fi ẹ̀gbẹ́ lọ sínú gọ́tà olókùúta. Rosmaini nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta.

Nígbà tí Haziman wọ yàrá tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, ìyá wọn ló ń sọ̀rọ̀, ìbẹ̀rù ló sì sọ ẹnu rẹ̀ di ìbínú.

“Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún ẹ! Rọra, rọra! O ò gbọ́ràn rí! Eré àsápajúdé! Ṣé o fẹ́ kí n sin ẹ́ ti bàbá ẹ ni?”

Haziman dúró kó gbọ́ èsì Rosmaini, nítorí Rosmaini kì í gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Rosmaini kàn ń wo àjà.

“Bóyá mo sáré jù lóòótọ́,” ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Mi ò rántí. Bóyá ẹ̀bi mi ni.”

Tó bá jẹ́ pé ó fìbínú fèsì ni, bóyá Haziman ì bá dákẹ́. Ohùn kékeré yẹn ni kò lè gbà. Ọ̀nà láti bọ́ wà níwájú rẹ̀: òjò rọ̀, ọ̀nà yọ̀, ẹ̀gbọ́n òun ti gba ẹ̀bi. Ó ní láti pa ẹnu mọ́ nìkan.

“Ẹ ò sáré,” ó ní. “Èmi ni.”

“Kí ni ìwọ?” ni ìyá rẹ̀ béèrè.

“Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti kú. Sípíríǹgì kúkúrú tí mo fi sí i ló pa á, èmi ni mo sì gé rọ́bà ẹ̀. Mo rí epo tó ń jò. Mo... mo fi àkísà nù ún.”

“Ìgbà wo?” Rosmaini ti yí orí sí i.

“Lọ́jọ́ tí ẹ bi mí.”

Ife tíì wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rosmaini. Ó fi ọwọ́ òsì gbé e, ó sọ ọ́. Ó kọjá lẹ́bàá etí Haziman, ó fọ́ mọ́ ògiri.

“Mo bi ẹ́! Ojúkojú ni mo bi ẹ́! Mo dárúkọ Màmá fún ẹ!” Igbe rẹ̀ mú nọ́ọ̀sì sáré wọlé. “Ẹ gbé e kúrò níwájú mi! Ẹ gbé e kúrò!”

Ìyá wọn ò pariwo mọ́. Ó kàn na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. “Jáde.”

Haziman jáde sínú òjò. Ibi tí ẹsẹ̀ gbé e lọ ni ilé Khairil, kò sì mọ ohun tó ń wá níbẹ̀ gan-an. Khairil gbọ́ ọ tán, ó gbọn èjìká.

“Ṣé èmi ni mo gé e? Sípíríǹgì ni mo fún ẹ. Ojú ẹ là, ọ̀bẹ sì wà lọ́wọ́ ẹ. Má kó wàhálà wá sílé bàbá mi o.” Ó ti ilẹ̀kùn.

Ohun tó dun Haziman jù ni pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Àgùntàn tó bá ajá rìn ti jẹ ìgbẹ́, ajá sì ti lọ nu ẹnu.

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ bá Tíṣà Letchumi kí ẹlòmíràn tó sọ fún un. Ìyáàfin yìí ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ mẹkáníìkì ńlá kan ní Ipoh, níbi tí yóò ti lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà; gbogbo kíláàsì ló ń jowú rẹ̀. Ó tẹ́tí sí Haziman títí tó fi parí ọ̀rọ̀.

“Ẹlòmíràn ló máa lọ sí Ipoh,” ó ní.

“Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, mo jẹ́wọ́ fúnra mi—”

“Mo gbọ́. Ó dára tó o jẹ́wọ́. Àmọ́ àwọn ẹlòmíràn máa kó ọkọ̀ wọn wá síbẹ̀, wọ́n á kó ọmọ wọn sínú ẹ̀. Ọmọ tí kò mọ̀, mo lè kọ́ ọ. Ìwọ mọ̀. Kí ni kí n wá kọ́ ẹ?” Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bí ìyá Haziman ti ṣe. “Wá sí kíláàsì lọ́la. Ibi ìgbálẹ̀ ni wàá ti bẹ̀rẹ̀.”

Ọkọ̀ bàbá wọn kò ṣeé tún ṣe. Wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin, wọ́n fi owó rẹ̀ ra alùpùpù àlòkù kan tó ní apẹ̀rẹ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ńlá kan àti kékeré kan. Apá Rosmaini jiná, ṣùgbọ́n kò nà tán mọ́. Kò lè pọ́n ewé, kò lè ro ìrẹsì nínú ìkòkò ńlá. Haziman ló wá ń jí ṣe é, Rosmaini á dúró lé e lórí.

“Ṣé bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn nìyẹn? Ọwọ́ ẹ yá tó bá di ká ba nǹkan jẹ́, ṣé?”

Haziman á tú ewé náà, á tún un pọ́n. Kì í ṣe pé èébú náà kò dùn ún. Kò kàn rí ibi tó máa dúró sí dá a lóhùn ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ẹrù ti wà nínú apẹ̀rẹ̀, Rosmaini sì ti de ìbòrí rẹ̀ tán láti gùn ún lẹ́yìn. Haziman tẹ bíréèkì wò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo wáyà rẹ̀. Ó dìde.

“A ò lè gùn ún lónìí.”

“Kí lo wí?”

“Wáyà bíréèkì ti ń já. Fọ́nrán díẹ̀ ló kù tó dì í mú.”

“Àwọn èèyàn ń dúró de oúnjẹ!” Ohùn rẹ̀ gbà gbogbo àdúgbò. “Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lọ máa rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni? Àbí oorun ló ń kùn ẹ́? Ọ̀lẹ! Gbé e ká lọ!”

“Ẹ pè mí lọ́lẹ. A ò gùn ún. Ẹ wá wò ó fúnra yín.”

Rosmaini bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka tọ́ wáyà náà wò, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, kò sọ pé o ṣeun. Ó fi ẹsẹ̀ gbá táyà alùpùpù náà, ó fi ọwọ́ òsì fa apẹ̀rẹ̀ kékeré jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

“Kí lò ń wò? Ṣé ìrẹsì tó kù máa fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn ni?”

Haziman gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá lé orí. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀, apá kan oúnjẹ náà kò sì tà. Obìnrin tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé ìrẹsì fún bú wọn bí ẹni pé kò ní dákẹ́ mọ́.

“Èyí ni kẹ́ ẹ bú,” Rosmaini ní, ó fi ẹnu júwe Haziman. “Òun ló ní ká fẹsẹ̀ rìn.”

“Èmi ni, Mà,” ni Haziman wí. “Bíréèkì wa ò dáa.”

Wọ́n bú u dáadáa, ó sì fara mọ́ ọn. Ó ti wá yé e pé yẹ̀yẹ́ àti èébú kì í fọ́ egungun ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, ẹ mọ̀ pé ẹni tó mọ ewu, tó sì sọ pé kò sí, òun fúnra rẹ̀ ni ewu náà. Ohun tí ẹ bá mọ̀ pé ó lè pa èèyàn, ẹ sọ ọ́, kódà bí gbogbo ọ̀rẹ́ bá máa fi yín rẹ́rìn-ín, kódà bí ará ilé yín kò bá ní dúpẹ́.